Ta ló ń mu sìgá? Ìtàn sìgá, tábà àti aṣáà, láti Ìkòròdú dé Kúbà

Lọ́jọ́ Ajé kan, fóònù mi dún ní nǹkan bí aago méje àárọ̀. Ìyá ọkọ ìyàwó kan ló ń pè, inú wọn ò sì dùn rárá. Mo wà níbi ìgbéyàwó ọmọ wọn ní Ìkòròdú níbí lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú, mo ya fọ́tò, mo sì kọ ìròyìn ráńpẹ́. Lábẹ́ fọ́tò kan tí ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó mẹ́rin ti wọ agbádá, tí èéfín ń rú lẹ́nu wọn, mo kọ ọ́ pé: "Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ń mu sìgá."

"Akọ̀ròyìn, ta lo rí tó ń mu sìgá níbi ìnáwó mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó wà nínú fọ́tò..."

"Sìgá kọ́! Cigar ni! Àbí ọmọ garáàjì lo pe ọmọ mi ni? Ṣé o mọ iye tí wọ́n ń ta ẹyọ kan ṣoṣo?"

Mi ò mọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n, mo pa "sìgá" rẹ́, mo fi "cigar" sípò rẹ̀, ìjà parí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò parí nínú mi. Mo jókòó, mo ń wo ọ̀rọ̀ méjèèjì lórí kọ̀ǹpútà. Sìgá. Cigar. Ẹ pè wọ́n tẹ̀lé ara wọn, kẹ́ ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni! Báwo wá ni ọ̀kan ṣe di ti ọmọ garáàjì, tí èkejì di ti olówó? Kí ló sì dé tí àwa tá a lórúkọ fún oríṣiríṣi ewé inú igbó, a ò ní orúkọ kan pàtó fún cigar?

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ará Ìkòròdú kì í fi ìtàn orúkọ ṣeré. Láti kékeré la ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé inú oko ọ̀dú ni orúkọ ìlú yìí ti jáde. Ẹni tó bá gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ dàgbà, tó bá rí ọ̀rọ̀ tí kò yé e, á fẹ́ mọ oko tó ti wá. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ sìgá. Ibi tó gbé mi dé, mi ò lérò rẹ̀ rárá.

Orúkọ ìyá la sọ ọmọ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjèèjì sọ́tọ̀. Sìgá tí wọ́n ń tà ní kíóòsì, ewé tábà tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ ni, tí wọ́n wé sínú bébà funfun. Cigar kò ní bébà. Èyí tó wà nínú, èyí tó dì í, àti èyí tó wé e lóde, ewé tábà ni gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tó fi dúdú, tó fi nípọn, tí òórùn rẹ̀ fi ń gba gbogbo gbọ̀ngán.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Sípéènì ni Gẹ̀ẹ́sì ti gba "cigar". Cigarro làwọn ń pè é. Nípa ibi tí àwọn náà ti rí i, ìtàn méjì ló wà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn Maya ni, ìyẹn àwọn onílẹ̀ tó ń gbé Mẹ́síkò àti Guatemala kí òyìnbó tó dé ibẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan, sikar, tó túmọ̀ sí kéèyàn máa fa èéfín ewé tábà. Àwọn mìíràn sọ pé cigarra ló di cigarro. Kòkòrò kan tó máa ń han ṣáá lórí igi nígbà ooru ni cigarra, ara rẹ̀ dúdú, ó rí roboto, ó sì gùn díẹ̀, bíi ìdì tábà gẹ́lẹ́.

Nígbà tó yá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wé tábà sínú bébà. Ó kéré sí cigar, owó rẹ̀ sì kéré. Àwọn Faransé ló sọ ọ́ ní cigarette. Ẹ wo ìparí ọ̀rọ̀ yẹn, "-ette". Ohun tó bá kéré ni wọ́n máa ń fi í mọ̀. Tí Yorùbá bá ni, a ó pè é ní ọmọ cigar, bí a ṣe ń pe òkúta kékeré tí a fi ń lọ ata ní ọmọ ọlọ.

Cigarette ló wá di ti gbogbo ayé níbí. Ilé-iṣẹ́ British American Tobacco dá ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1933, wọ́n sì kọ́ èyí tó tóbi sí Ìbàdàn ní 1937. Ní 1951, orúkọ di Nigerian Tobacco Company. Sìgá wá ń jáde láti inú ẹ̀rọ nílẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìsẹ́yìn náà ń gbin ewé. Kò sí àdúgbò tí kò dé. Orúkọ kúkúrú tó rọrùn lẹ́nu, sìgá, la sì fi ń pè é. Orúkọ ìyá la sọ ọmọ. Nígbà tí ìyá fúnra rẹ̀ wá dé sí òwàǹbẹ̀ wa, kò bá orúkọ nílẹ̀ mọ́. Ó di dandan kó máa jẹ́ "cigar" lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ẹ bi Potogí tàbí ará Brazil. Tó bá sọ pé cigarro, sìgá oníbébà ló ń wí. Tó bá fẹ́ cigar, charuto ló máa béèrè. Charuto yìí ò tiẹ̀ wá láti Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ àwọn Tamil ní gúúsù Íńdíà ni, ohun tí wọ́n wé roboto ló sì túmọ̀ sí. Ibẹ̀ náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rí cheroot, cigar tí wọ́n gé orí àti ìdí rẹ̀ gbọọrọ.

Tábà náà, cigar ni tẹ́lẹ̀

Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀, àmọ́ mo ní kí n yẹ "tábà" náà wò. Ẹ̀rín pa mí.

Ní oṣù Kọkànlá 1492, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú omi Christopher Columbus ti gúnlẹ̀ sí Kúbà, ó rán ọkùnrin méjì lọ sínú ìlú: Rodrigo de Jerez àti Luis de Torres. Wọ́n padà wá ròyìn ohun tí ojú wọn ò rí rí. Wọ́n rí ọkùnrin àti obìnrin tó mú ewé gbígbẹ tí wọ́n wé sínú ewé gbígbẹ mìíràn dání, wọ́n tiná bọ orí kan, wọ́n ń fa èéfín láti orí kejì. Cigar nìyẹn. Àlùfáà Sípéènì kan, Bartolomé de las Casas, tó kọ ìtàn yìí sílẹ̀, sọ orúkọ tí àwọn onílẹ̀ ń pe ewé wíwé náà: tabaco.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ń sọ? Gẹ́gẹ́ bí Las Casas ṣe kọ ọ́, kì í ṣe ewé inú oko ni wọ́n ń pè ní tabaco. Ìdì ewé tí wọ́n wé ni. Àwọn òyìnbó ló mú orúkọ yẹn, tí wọ́n fi pe ewé náà. Ó rìn káàkiri, ó di taba lẹ́nu Hausa, ó di tábà lẹ́nu wa. Ní Kúbà ṣá, ìtumọ̀ àtijọ́ ò kú. Títí dòní, tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n ta tabaco kan fún yín ní Havana, cigar ni wọ́n máa gbé lé yín lọ́wọ́.

Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ méjì tí a ń lò lójoojúmọ́, sìgá àti tábà, orúkọ cigar ni méjèèjì kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. A gba orúkọ méjèèjì, a fi pe nǹkan mìíràn.

Aṣáà ìyá àgbà mi

Mo wá sọ fún ara mi pé kí n lọ bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. Mo gba Sàbó lọ. Màmá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó ń ta ewé tábà gbígbẹ, kán-ún àti aṣáà nínú agolo. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo fi fọ́tò cigar hàn wọ́n lórí fóònù mi.

"Màmá, kí lẹ̀ ń pe eléyìí?"

Wọ́n gba fóònù náà, wọ́n gbé e jìnnà sójú díẹ̀. "Ṣebí tábà náà nìyẹn? Wọ́n kàn wé e ni. Àwọn olówó ń wé e, àwa ń lọ̀ ọ́."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ra aṣáà díẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Mo béèrè bóyá ó dáa. Wọ́n wò mí bíi pé mo bú wọn. Ẹ sì mọ ohun tí àwọn àgbà wí: aláṣáà kì í ta ìgbokú, gbogbo wọn ní ń ta oyin. Kò sí ọlọ́jà tó máa sọ pé ọjà òun ò dáa.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ewé tábà gbígbẹ tí wọ́n fi kán-ún sí, tí wọ́n lọ̀ kúnná ni aṣáà. Àwọn kan ń fà á símú, àwọn kan ń fi í sẹ́nu. Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí ìyá mi, ẹnu ni wọ́n ń fi tiwọn sí, lẹ́yìn ètè ìsàlẹ̀. Èmi ni wọ́n máa ń rán. "Lọ bá mi ra aṣáà, má sì fi ṣẹ́ńjì ra bisikíìtì o." Tí wọ́n bá ti fi sẹ́nu tán, ọ̀rọ̀ wọn á wúwo, a ò ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ dáadáa mọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lọ, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe aṣáà nínú ilé wa mọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ti bá wọn lọ.

Àṣé kò lọ. Ó wà ní Kúbà.

Lukumí ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀, àti èdè tí àwọn ọmọ wọn ṣì fi ń bọ òrìṣà. Obìnrin ará Kúbà kan, Lydia Cabrera, kó ọ̀rọ̀ wọn jọ sínú ìwé tó pe àkọlé rẹ̀ ní *Anagó*, ó jáde ní 1957. Lẹ́nu àwọn Lukumí, orúkọ tábà, pàápàá cigar, ni achá.

Achá. Ẹ fara balẹ̀ wò ó. Èdè Sípéènì kò ní "ṣ". Ibi tí àwa bá ti pe "ṣ", "ch" ni wọ́n máa ń kọ. Ṣàngó di Changó. Ọ̀ṣun di Ochún. Àṣẹ di aché. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì di Ochosi. Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí achá jẹ́, ẹ dá "ṣ" padà sáyè rẹ̀. Aṣáà ni! Aṣáà tí ìyá àgbà mi ń rán mi rà.

Kò sì ṣòro láti mọ bó ṣe yí padà. Ẹni tó ti ilẹ̀ Yorùbá lọ, ewé tábà tó mọ̀ jù lọ lè jẹ́ èyí tí wọ́n lọ̀. Ó dé Kúbà, ó bá ewé kan náà, àmọ́ wíwé ni wọ́n ń wé e níbẹ̀. Kò wá orúkọ tuntun. Ó fi orúkọ ilé pè é. Títí dòní, achá wà lára ohun tí wọ́n ń fún Eleguá, tí í ṣe Ẹlẹ́gbára, àti Ògún àti Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Wọ́n á tanná sí cigar, wọ́n á fẹ́ èéfín rẹ̀ sí ojúbọ. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu, torí ère Èṣù tó fi ìkòkò tábà sẹ́nu wà nílẹ̀ Yorùbá níbí.

Ewé tí wọ́n fi ra èèyàn

Ibí ni ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu mi. Torí ìbéèrè tó kàn ni pé: báwo ni ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dé Kúbà? Ẹnu èèyàn ló bá lọ. Owó wo ni wọ́n fi ra àwọn èèyàn náà? Tábà wà lára rẹ̀.

Láti ọ̀rúndún 17 títí wọ ọ̀rúndún 19, ọjà pàtàkì tí àwọn oníṣòwò Bahia ní Brazil ń kó wá sí etíkun wa ni tábà. Agbègbè Cachoeira ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Èyí tó dára jù lọ, wọ́n ń kó o lọ sí Potogí. Ìdọ̀tí tó kù nílẹ̀, ewé tó já, tó kéré, tí wọn ò lè tà ní Yúróòpù, ìyẹn ni wọ́n ń kó wá fún wa. Wọ́n á lọ́ ọ bí okùn, wọ́n á ká a jọ di ìdì ńlá, wọ́n á fi omi dúdú dídùn tó máa ń kù lára ṣúgà ìrèké pa á lára, wọ́n á sì fi awọ màlúù bò ó. Adùn yẹn mú àwọn èèyàn etíkun débi pé àwọn oníṣòwò orílẹ̀-èdè mìíràn ò rí ohun tí wọ́n máa fi bá a dije. Àwọn Dọ́ọ̀ṣì tó wà ní Elmina, ní Gánà òde òní, máa ń gba ìdì kan nínú mẹ́wàá lọ́wọ́ ọkọ̀ tó bá ń kó o kọjá.

Ọkọ̀ wọ̀nyí ń gúnlẹ̀ sí Ouidah. Nígbà tó yá, ó kan Àjàṣẹ́, Àgbádárìgì àti Èkó. Wọ́n á já tábà sílẹ̀, wọ́n á kó èèyàn lọ. Pierre Verger, ará Faransé tó di babaláwo tí wọ́n sọ ní Fátúmbí, fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ ipasẹ̀ òwò yìí nínú ìwé ìjọba Bahia àti ti ilẹ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀: omi ṣúgà tó mú tábà náà dùn, ẹrú ló gé ìrèké rẹ̀. Wọ́n wá fi tábà yẹn ra ẹrú mìíràn.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tí wọ́n ń tà wá pọ̀ sí i, ti Kúbà náà sì le. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, wọ́n ní ti òwò ẹrú làwọn ṣe wá. Síbẹ̀, ọkọ̀ ẹrú ṣì ń dé Kúbà títí di àwọn ọdún 1860. Ọdún 1886 ni wọ́n tó fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀.

Ìkòròdú wà lójú ọ̀nà. Ọ̀sà tí a ń wò láti Ẹ̀bútẹ́ yìí ni ọjà ń gbà láti Èkó lọ sí Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú. Ọ̀nà òwò yẹn ṣe pàtàkì débi pé nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú ní 1865, John Glover tó ń ṣàkóso Èkó rán ọmọ ogun wá ní oṣù Kẹta, wọ́n sì lé wọn lọ. Òwò ẹrú Èkó ti dópin nígbà yẹn, àmọ́ tábà Bahia ṣì ń dé. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà sílé wà lára àwọn tó ń tà á.

Nígbà tí mo mọ èyí tán, mo tún rántí agolo aṣáà ìyá àgbà mi. Inú mi ò bà jẹ́ sí wọn. Ta ló fẹ́ sọ fún wọn? Àmọ́ mi ò lè fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ náà mọ́. Wọ́n fi ewé gba èèyàn lọ, èèyàn náà gbé orúkọ ewé dání, ó sì fi sílẹ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ níbi tí wọn ò ti jẹ́ kó gbé nǹkan mìíràn dání.

Kí la ó wá máa pè é?

Ẹ padà sí fọ́tò ìgbéyàwó. Kí ni mo yẹ kí n kọ? "Sìgá" kò ṣàlàyé, torí oníbébà ni gbogbo ayé máa rò. "Cigar" lásán, bíi pé a ò lẹ́nu ni. Mi ò lè kọ "aṣáà", torí lílọ̀ ni ti wa níbí. Ohun tí màmá Sàbó sọ ló tẹ́ mi lọ́rùn: wọ́n kàn wé e ni. Láti òní lọ, "tábà wíwé" ni màá máa kọ síbí. Ó jẹ́ Yorùbá, ó sọ bí nǹkan náà ṣe rí, ó sì bá ohun tí Las Casas sọ pé tabaco jẹ́ níbẹ̀rẹ̀ mu.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé orúkọ tó dùn ló sọ ọ́ di ohun tó dáa o. Èéfín ò mọ olówó. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó lé ní mílíọ̀nù 7 èèyàn tí tábà ń pa lọ́dọọdún. Tábà wíwé ń fa jẹjẹrẹ ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun, kódà fún ẹni tí kò gbé èéfín rẹ̀ mì. Aṣáà náà ò mọ́wọ́ mọ́ sẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 sì ka tábà tà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 léèwọ̀, ó tún ní wọn ò gbọ́dọ̀ máa ta sìgá lẹ́yọ-lẹ́yọ. Ẹ lọ wo kíóòsì àdúgbò yín, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bóyá wọ́n ti gbọ́.

Mo pe ìyá ọkọ ìyàwó lánàá, mo ro gbogbo ẹjọ́ yìí fún wọn, láti Kúbà dé Ẹ̀bútẹ́. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ìyá bàbá mi náà ń fi aṣáà sẹ́nu. Mo ti gbàgbé." A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àwọn ìyá àgbà wa, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí wọ́n tó gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n rántí iṣẹ́ mi:

"Kọ tábà wíwé síbẹ̀, mo gbà. Àmọ́ sìgá yẹn, mi ò fẹ́ rí i mọ́ o."

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ni àwọn àgbà ilé yín ń pè é?